Pankéèkì Màmá Àgbà: lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Kánádà

Lafiaji,
Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìdúró ni mo wà tí mo fi kà á tán. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọmọ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Òtútù yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò ti dé, omi sì ti gba ojú títì Ìgbóṣèrè bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

O ní pankéèkì inú páálí tí ẹ ń rà níbẹ̀ wú lóòótọ́, ó sì rọ̀, àmọ́ pé ẹnu rẹ ṣì ń wá ti Màmá Àgbà tí a máa ń jẹ lójú àtẹ̀gùn nígbà tí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Mi ò bá ọ jiyàn. Ti Màmá Àgbà kì í wú. Pẹlẹbẹ ni, ó fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ a máa gbẹ díẹ̀, àárín rẹ̀ a sì rọ̀ débi pé èèyàn lè ká a bí ẹní. Oríṣi méjì ni wọ́n, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.

Ìwé ìdáná Màmá ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ìwé ẹ̀sásáìsì ni, èèpo rẹ̀ ti ya, ẹyin àti bọ́tà ti ta sí i lára. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró nínú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Níbì kan, áúǹsì ló fi wọn nǹkan, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ló ti kọ́ ọ lọ́mọdé. Níbòmíràn, agolo sìgá ni, èyí roboto ayé àtijọ́ tó ń gba sìgá 50. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, owó gan-an ni òṣùwọ̀n: bọ́tà tọ́rọ̀, ṣúgà kọ́bọ̀ méjì. Ayé pọ́n-ùn àti ṣílè nìyẹn, kí náírà tó dé ní 1973. Ta ló lè sọ lónìí pé báyìí ni bọ́tà tọ́rọ̀ ṣe tó? Mo gbé ìwé náà lọ bá Àǹtí Àgbà, àbúrò Màmá tó kù fún wa. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n bu bọ́tà, wọ́n ní “Báyìí ni.” Mo gbé e lé òṣùwọ̀n kíá kí wọ́n tó dà á padà sínú agolo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 gíráàmù. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Màmá pẹ̀lú bírò mìíràn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọwọ́ Màmá yàtọ̀ sí tèmi.

Jẹ́ kí n kọ ti pankéèkì fún ọ ná. Fùláwà áúǹsì 4, ìyẹn bíi 115 gíráàmù. Mílíìkì ìdajì páìntì, ìyẹn bíi 280 mìlílítà; mílíìkì agolo tí wọ́n fi omi là ni Màmá ń lò. Iyọ̀ fín-ín-fín. Ẹyin 1 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n Màmá fagi lé e, ó sọ ọ́ di 2. Ó ní ìdí. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì kéré. Bí ẹyin ibẹ̀ bá tóbi, ọ̀kan ti tó. Nọ́tímẹ́ègì tí wọ́n rin sí i, ti Màmá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ṣúgà nínú pípò náà, mo sì fara mọ́ ọn, torí ṣúgà máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tètè jó kí inú tó jinná. Orí rẹ̀ ni kí o bu ṣúgà sí nígbà tó bá kúrò lórí iná, kí o wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ní ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ata rodo àti àlùbọ́sà tí mo rẹ́ wínníwínní ni èmi ń dà sí tèmi, kò sì sí ohun tó dùn tó o.

Ìwọ yóò rí i pé kò sí báákìn páúdà níbẹ̀. Nǹkan náà kò pẹ́ láyé tó bí a ṣe rò. Ní 1843 ni Alfred Bird, oníkẹ́mísírì kan ní Birmingham, pò ó fún ìyàwó rẹ̀, torí ìwúkàrà kò bá obìnrin náà lára mu. Ẹyin pàápàá kò bá a lára mu, ìyẹn ló sì fà á tí ọkùnrin yìí kan náà fi ti ṣe kọ́sítáàdì tí kò lẹ́yin nínú ní 1837. Kọ́sítáàdì tí a fi ń mu àkàrà láàárọ̀ níbí, ìfẹ́ ìyàwó ló bí i. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an.

Kí báákìn páúdà tó dé, ẹyin tí wọ́n lù títí tó fi hó, tàbí ìwúkàrà, ni wọ́n fi ń mú nǹkan wú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹmu ni. Bọ́ǹsì kan wà nínú ìwé Màmá tó ní kí a fi ẹmu àárọ̀ po fùláwà, kí a dé e di ọjọ́ kejì. Ìwúkàrà wà nínú ẹmu fúnra rẹ̀, òun ló ń mu ṣúgà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ó hó nínú akèrègbè, òun náà ni yóò sì gbé fùláwà dìde. Má wulẹ̀ fi ẹmu inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ o. Wọ́n ti sè é kí ó má bàa kan, iná sì ti pa ìwúkàrà inú rẹ̀.

Ó yá, pípò. Sẹ́ fùláwà sínú àwo kòtò pẹ̀lú kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Ojú ewé gbogbo ni Màmá ti ń tẹnu mọ́ sísẹ́, torí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ọkọ̀ òkun ló ń gbé fùláwà wá nínú àpò, kòkòrò a sì máa bá a wọ̀lú. 1962 ni ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Apapa. Ti òde òní mọ́, síbẹ̀ sẹ́ ẹ, kí ó má bàa di kókó. Gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, fọ́ ẹyin sí i, ju iyọ̀ sí i, kí o wá máa fi ṣíbí onígi rò ó láti àárín, kí fùláwà máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdajì mílíìkì ni kí o kọ́kọ́ dà. Ìgbà tó bá ṣì ki ni o lè lu kókó fọ́. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kókó á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, ọwọ́ rẹ kò sì ní í bá wọn mọ́. Tó bá ti dán, da ìyókù sí i.

Wàyí o, dé e, kí o fi í sílẹ̀. 30 ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Wákàtí kan dára jù. Ibí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Màmá fa ìlà méjì sábẹ́ “jẹ́ kí ó sinmi”. Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten, tó máa ń le, tó sì máa ń fà nígbà tí a bá ń lù ú. Bí o bá dín in lójú ẹsẹ̀, yóò súnkì, yóò sì gan lẹ́nu. Bí ó bá sinmi, líle náà á rọ̀, fùláwà á mu mílíìkì yó, ìgbà yẹn ló tó lè tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìya. Ṣé o rántí pé Màmá máa ń po tirẹ̀ kí ó tó lọ sí Máàsì, tó sì jẹ́ pé ìgbà tó bá dé ni yóò dá iná? Mo rò tẹ́lẹ̀ pé nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ ni. Bí mo ṣe ń ka ìwé náà lójú ewé dé ojú ewé, ohun tó ń yé mi sí i ni pé àkókò wà lára èròjà oúnjẹ wọn, bí ẹyin ṣe wà lára rẹ̀. Ohun tí páálí yẹn yọ kúrò nìyẹn, òun náà sì ni ẹnu rẹ ń wá.

Fùláwà Kánádà lágbára jù èyí tí wọ́n fi kọ ìlànà yìí lọ. Àlìkámà líle ni ẹ ń gbìn níbẹ̀, gluten rẹ̀ pọ̀. Yóò gba mílíìkì sí i, yóò sì fẹ́ ìsinmi tó gùn. Bá a lò bẹ́ẹ̀.

Páànù irin tó nípọn ni kí o wá. Jẹ́ kí ó gbóná títí ẹ̀kán omi tí o bá ta sí i yóò fi máa sá kiri lójú rẹ̀. Fi aṣọ tó ní bọ́tà díẹ̀ nù ún, má da òróró sí i, àkàrà kọ́ la ń dín. Bù ú sí i, yí páànù kí ó tẹ́ dé etí, kí o sì yí i padà nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá dán mọ́. Èyí àkọ́kọ́ kì í sábà dára, torí páànù kò tíì gbóná dọ́gba. Ti ọmọ nìyẹn, kò ní í kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni Màmá kì í yẹ̀, ìwọ náà mọ̀. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ìjọ kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà nígbà Lẹ́ǹtì, nítorí náà ni wọ́n fi ń pò wọ́n mọ́ fùláwà kí àwẹ̀ tó wọlé. Fréjọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn ti Ọjọ́ Ẹtì Rere, wà nínú ìwé náà pẹ̀lú. Mi ò ní í kọ ìyẹn, ọmọ Pópó Àgùdà ni ọ́, o mọ̀ ọ́n sè.

Ìlànà tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìwé náà ni ti kéèkì tí kò ní iye kankan. Ó ní: “Wọn ẹyin. Kí bọ́tà wúwo tó o, kí ṣúgà wúwo tó o, kí fùláwà wúwo tó o.” Ó tán. Adìẹ ìbílẹ̀ ni o, adìẹ àgírííkì ni o, kò sí bí ẹyin ṣe lè kéré tàbí kí ó tóbi tí ìlànà yìí kò ní í bá a mu. Kò sí báákìn páúdà níbí náà. Afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ rẹ bá lù wọ inú bọ́tà àti ṣúgà ni yóò gbé e dìde, nítorí náà lù ú títí yóò fi funfun. Ní Èkó, bọ́tà a máa yọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Màmá ń lu tirẹ̀, àwo nínú omi tútù. Ìdàkejì ni tìrẹ: gbé bọ́tà jáde láti alẹ́ kí ó lè rọ̀.

Mo ṣì ń sun ún sórí iyanrìn lẹ́yìnkùlé. Ìkòkò irin ńlá, iyanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀, agolo kéèkì lórí rẹ̀, ìdérí, èédú pípọ́n lórí ìdérí. Iyanrìn máa ń gba ooru, yóò wá máa fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ kò sì ní í jó. Kò sí ófùn kankan tó lè fún kéèkì ní òórùn yẹn.

Búrẹ́dì nìkan ni Màmá kò kọ sílẹ̀, rírà ni wọ́n ń rà á. A máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ti Agége, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gba Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kọjá. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1921. Bí o bá rí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jàmáíkà nítòsí rẹ, ra búrẹ́dì wọn tó ki, tó funfun, tó dùn díẹ̀ yẹn. Wàá mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Ojú ewé kan tún wà láti 1987, nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, tí fùláwà sì wọ́n gógó. Màmá kọ ìdajì fùláwà, ìdajì ìyẹ̀fun àgbàdo. Mo ṣe é. Ó máa ń rún lọ́wọ́, torí àgbàdo kò ní gluten, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oyin, ó dùn débi pé mo ti sọ ọ́ di oúnjẹ òwúrọ̀ Sátidé.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Kéèkì àgbọn tí màmá yín máa ń ṣe ní Surulere lásìkò ọdún, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bi wọ́n nígbà tí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Má bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n á kàn ní “bó bá ṣáà ti tó.” Bi wọ́n pé agolo wo ni wọ́n fi ń bù ú, àgbọn tútù ni àbí gbígbẹ, àti pé kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti tó. Tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, èmi fúnra mi á gbé òṣùwọ̀n mi wọ danfó lọ bá wọn. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa fi ọwọ́ júwe, èmi á máa wọ̀n, èmi á sì máa kọ. Sọ ọjọ́ tó bá wọ̀ wọ́n fún mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló rọrùn fún mi jù.

Bá mi kí bàbá ọmọ, kí o sì bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mosún