Ẹni tí Ìyá yóò bá jẹun

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ńkọ́? Owó tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kó o fún Ìyá. Wọ́n gbàdúrà títí ó fi rẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kọjá owó. Ìyá ti rù. Aṣọ tí o rà fún wọn lọ́dún Kérésì ti ń já bọ́ léjìká wọn. Mo ṣí fìríìjì, ẹran àti ẹja kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ògì ni wọ́n ń mu láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ ro ọkà fún?" O mọ Bàbá rẹ, bí ọbẹ̀ ò bá gbóná, ariwo ni. Ọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá ni Ìyá ti fi omorogùn sílẹ̀.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì fi tẹ́ẹ̀pù wọn ibi tó ki jù lẹ́yìn ojúgun wọn. Ó ní bí ibẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31, ó yẹ ká fura pé oúnjẹ wọn ò tó; ti Ìyá jẹ́ 29. Ó wá ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń dá gbé, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jẹun, ṣé ìbànújẹ́ kankan ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, àṣé ara ìwádìí oúnjẹ nìyẹn! Ó ní ó kéré tán, kí arúgbó máa rí gíráàmù purotéènì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lójúmọ́. Kílò 48 ni Ìyá wọ̀n. Ẹyin kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ, ká má tíì sọ ti ògì. Ibẹ̀ náà la ti rí i pé eyín èrìgì wọn ti ká tán lápá kan. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹ ẹran?

N kò sọ pé owó ò ṣe nǹkan o. Àwọn àgbẹ̀ àtàwọn ìyá ọlọ́jà tí kò ní pẹ́ńṣàn, tọ́mọ ò ránṣẹ́ sí, pọ̀ ládùúgbò yìí, gàrí ni wọ́n fi ń sùn. Àmọ́ wo Ìyá Ràmọ́tù tó ń ta wàrà: kò ní tó Ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ò jẹ́ kó dá jẹun rí, ara rẹ̀ sì ń dán.

Òun ni mo bá sọ̀rọ̀. Ó gbà láti máa wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Ìyá, kó máa se mọ́ínmọ́ín, ẹja àti wàrà, ohun tí eyín ò ní bá jà. Yọ díẹ̀ fún un nínú owó oṣooṣù. Ìwọ náà, máa pè wọ́n ní fídíò láago kan ọ̀sán tiwa, nígbà táwọn ọmọ bá ń jẹun àárọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n jọ máa jẹ ẹ́.

Tètè fún mi lésì, Ìyá Ràmọ́tù ń retí ohun tí o máa sọ.

Èmi ni,
Ṣadé.