Àbẹ̀kẹ́, a ṣì ń wá ilé

Súrùlérè, Èkó
9 Oṣù Kọkànlá, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé ikọ́ àwọn ìbejì ti lọ? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mo ti sọ èsì tèmi náà tán, mo tún pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí gùn, bí mo bá sì fẹnu sọ ọ́, n ò ní sọ ọ́ dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn ọmọ ti sùn, mo wá jókòó kọ ọ́.

Onílé wa ti fi kún owó ilé. Náírà 800,000 là ń san lọ́dún fún yàrá méjì yìí. Mílíọ̀nù méjì ló kọ sínú ìwé tó tì wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, láti oṣù January. Òrùlé tó ń jò sórí ibùsùn àwọn ọmọ, kò fọwọ́ kàn án. Dádì Tólú lọ bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ó ní kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Orílé lọ sí Marina ní 2023, ilé òun kì í ṣe ilé àná mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án la ti wà níbí, Àbẹ̀kẹ́. Ibí ni mo bí Ṣọlá sí.

Láti oṣù kẹjọ, kò sí Sátidé tí a ò jáde wá ilé. Ìkòròdú la kọ́kọ́ lọ. A rí yàrá mẹ́ta ní Odógunyán, 650,000, àgbàlá ńlá, omi tó mọ́, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ọkàn mi fà sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n mo ní kí n dán ọ̀nà rẹ̀ wò ná. Mo lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo tò fún BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà BRT náà ti dé Ìkòròdú láti 2015, ó sì ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìlà tí mo bá nínú òkùnkùn yẹn, bí ìlà ìdìbò ni. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ni mo dé Broad Street. Nígbà tí mo padà dé lálẹ́, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Mo wá ń rò ó pé, ìgbà wo ni mo máa rí àwọn ọmọ mi? Ojú oorun nìkan ni n ó máa rí.

Ìyẹn tilẹ̀ sàn. Jẹ́ kí n sọ ti Ìṣẹ̀rì fún ọ. Ajẹ́ǹtì kan mú wa dé ilé kan tó rẹwà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré débi pé ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Dádì Tólú ti ń wọn ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá máa wà. Mo yà sẹ́yìn ilé, mo rí i lára ògiri níbi tí ọ̀dà kò dé: ìlà pupa kan, ó dé mi níbàdí. Ìyá kan tó ń sá gààrí lójúlé kejì rí mi níbi tí mo ti ń wò ó. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ibẹ̀ lomi dé o." Odò Ògùn ni. Bí ìdídò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta bá ti kún, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló máa gbà á: Ìṣẹ̀rì, Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, títí kan Agboyi. Ìyá náà ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ òun jáde lọ́dún kan. Ajẹ́ǹtì ní omi òjò lásán ni. Ó sì fẹ́ gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n! Mo ní òfin Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Madam, ẹ lọ gbé inú òfin yẹn."

Mo sunkún nínú danfó lọ́jọ́ náà. Dádì Tólú di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan.

A dé Mágboro, a dé Ìbàfò. Ilé wà, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n Bẹ́gà ni gbogbo ayé ń gbà wọ Èkó láàárọ̀.

Kí n tó gbàgbé: Bọ́láńlé ti bí, obìnrin ni, Tólú gba ipò kejì, àjọ mi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní December, òun la fẹ́ fi sanwó ilé.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń fà bọ̀ látòkè rèé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn, èyí tó ń ti Agbádó wá sí Ọ̀yìngbò. Láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ló ti ń gbé èrò, n ò wọ̀ ọ́ rí. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjú. Ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi tó ń lọ. Mo dúró níwájú ilé Màmá yín.

Igi máńgòrò ṣì wà. Fèrèsé fúláàtì ìsàlẹ̀ tì pa. Aládùúgbò yín ní ayálégbé ti kó jáde láti oṣù kẹfà, pé Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ló ti í pa. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo ń padà bọ̀: Dádì Tólú á bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà níbi iṣẹ́ rẹ̀, èmi á dé Ọ̀yìngbò, n ó wọ danfó gba Carter Bridge. Ìrìn ọkọ̀ náà kò tíì pọ̀ lójúmọ́, n ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n n ó máa dé ilé kí Ṣọlá tó sùn.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ lè gbà wá síbẹ̀? N ò tọrọ ẹ̀dínwó. Iye tí wọ́n ń gbà ní àdúgbò náà la máa san, kí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi kọ àgírímẹ́ǹtì bó ṣe yẹ, ká bọwọ́ lù ú. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹ fún wa ní oṣù mẹ́fà, a ó jáde. Mo mọ̀ pé o ò tíì lè wọ ilé ìdáná yẹn láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Bí ó bá máa dùn ọ́ pé ẹlòmíì ń dáná níbẹ̀, kódà kó jẹ́ èmi, sọ ọ́ fún mi gbangba. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wa. N ò sì tíì bá Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀, torí ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Onílé Odógunyán ní òun máa dúró dè wá títí di ọjọ́ 28. Pè mí kó tó di ìgbà yẹn, lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Kí Dádì Ìbejì fún mi.

Èmi ni,
Rónkẹ́ rẹ