Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Júláì, 2026

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àfaradà ọ̀wọ́ngógó ọjà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú gbogbo wa dé òpin ọdún ẹ̀kọ́ yìí láyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú àwọn ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Káàdì èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan; ẹni tó bá ti san owó ilé-ìwé tán ni yóò gbà á. Àwọn SS3 ti parí WAEC, à ń retí èsì. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa gba ipò kejì nínú ìdíje agbègbè. Ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ti ní ilẹ̀kùn tuntun. Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà la ó wọlé. Ṣùkú ni irun àwọn ọmọbìnrin fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, láìsí irun àtọwọ́dá.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ẹ ń retí.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé ìbéèrè tí àwọn JSS2 gbé dání lọ sí àdúgbò ti di ìjà lórí WhatsApp àwọn òbí. Mo ti gbọ́ ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ pé à ń kó orúkọ àwọn èèyàn jọ fún àwọn ọmọ yahoo. Mo ti gba lẹ́tà tí òbí mọ́kànlá fọwọ́ sí. Baba kan wá sí ọ́fíìsì mi, mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Mo ní, "Ẹ̀yin baba, kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ òwe yẹn."

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìkójọ dátà wà nínú sílẹ́bọ́ọ̀sì Ìṣirò, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. (Kì í ṣe dátà tí à ń rà sí fóònù o. Ìyá kan ti bi mí pé gígì mélòó ni ọmọ òun máa gbé wálé.) Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi púpọ̀ ni pé olùkọ́ á kọ ogún nọ́ńbà sójú pátákó, á ní kí àwọn ọmọ fi ya àwòrán. Níbo ni nọ́ńbà yẹn ti wá? Láti inú orí olùkọ́ ni. Ọmọ á gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá láìtíì ka ohunkóhun rí láyé. Ìyẹn ni a fi dá Ọjọ́rú Ìkójọ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ máa fúnra wọn jáde lọ kó nọ́ńbà jọ, tí mo sì fi ń fi í yangàn níbikíbi tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé bá ti pàdé.

Ẹnu géètì wa la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì, láti aago méje sí aago méje ààbọ̀ àárọ̀: ẹ ka kẹ̀kẹ́ Márúwá tó bá kọjá. Ìlà mẹ́rin lóòró, kí ìkarùn-ún dábùú wọn. Mo sọ fún wọn pé àwọn baba ńlá wa tó ń ka owó ẹyọ náà, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣà á. Nígbà tí àkókò pé, ẹgbẹ́ kan ní 64, èkejì ní 71. Ariwo sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní òpùrọ́. Olùkọ́ Ìṣirò wa kò dá ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n lọ wá ohun tó fà á. Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan já a: kẹ̀kẹ́ tó bá já èrò sẹ́nu géètì tó sì yí padà síbi tó ti wá, ẹgbẹ́ kan kà á lẹ́ẹ̀kan, èkejì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó purọ́. A ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí "kọjá" túmọ̀ sí ni. Ẹ wá sọ fún mi, ìwé wo ló máa kọ́ ọmọ ọdún méjìlá nìyẹn kó tó yé e?

Ó tún kan òṣùwọ̀n òjò, tó wà lẹ́yìn yàrá ìkàwé títí di òní. Ike omi ńlá ni. Wọ́n gé ọrùn rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé e padà bí àrọ, wọ́n lẹ rúlà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí ike kò tẹ́jú, nítorí náà wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n bu omi dé òdo rúlà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, wọ́n bá omi mílímítà 31 nínú rẹ̀: ọmọ JSS1 kan ló da omi ọ̀rá tó mu kù sí i. Wọn ò pa á rẹ́ nínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "31. Òjò kò rọ̀. Ẹnìkan bu omi sí i. A kò kà á mọ́ ọn." Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí ì bá pa á rẹ́.

Ará Ìbàdàn ni wá. Ẹni tó wà nílùú ní 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa fojú wa rí. Nígbà tí omíyalé tún dé ní 26 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, òṣùwọ̀n òjò tó wà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà nílùú wa, ló jẹ́ ká mọ̀ pé mílímítà 187.5 ló rọ̀. Mílímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, lítà omi kan ni. Àwọn ọmọ yín ló ṣírò rẹ̀ fún mi: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje ààbọ̀, lórí ilẹ̀ tí kò tó ẹní ọmọ kékeré kan.

Lẹ́yìn òjò la kan ènìyàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gún ti gún wa lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé náà: Ènìyàn mélòó ló sùn sínú ilé yìí lálẹ́ àná? Níbo lẹ ti ń pọnmi? Ṣé omi òjò ti wọlé yín rí? Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí iye tó ń wọlé fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ pé ó wà níbẹ̀, kó mú ìwé náà wá ká jọ kà á. A mọ̀ pé òfin ààbò dátà wà lórílẹ̀-èdè yìí láti 2023. Nọ́ńbà la kọ sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ kan bi ìyá àgbà kan ní ìbéèrè kìíní, kò yé mama. Ọmọ náà ronú pé òun á mú un rọrùn, ó ní, "Mama, ọmọ mélòó lẹ bí?" Mama ní méje. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó dákẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà ò mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ó kọ 7, ó fagi lé e, ó kọ 6, ó tún fagi lé ìyẹn náà.

Èmi àti olùkọ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ mama, ó sì ti dárí jì wá. Ó ní kí n fi ìwé náà han òun. Ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n fagi lé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, méje ni wọ́n."

Ẹ̀bi wà níbẹ̀, tèmi sì ni. Olùkọ́ méjì kò tó fún ọmọ mẹ́rìnlélógún, ó sì yẹ ká ti kọ́ wọn pé a kì í yí ìbéèrè padà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú "Ènìyàn mélòó ló sùn sínú ilé yìí lálẹ́ àná", kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni là ń kà; ìdí tí a fi béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dá Ọjọ́rú Ìkójọ dúró. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù: láyé owó orí, ẹni tí wọ́n bá kà ni wọ́n máa ń bù ú fún, a ò sì gbàgbé Àgbẹ̀kọ̀yà 1968, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde tako owó orí. Àbámọ̀ tiwa lónìí yàtọ̀. Ìkànìyàn 2006 la ṣì ń gbé kiri. Ti 2023 tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, wọ́n sún un síwájú. Àwọn ọmọ JSS2 wa, wọn ò tíì bí wọn ní 2006. Ẹni tí wọn ò kà, ta ló máa gbẹ́ gọ́tà fún un? Sí àwọn òbí mọ́kànlá tó kọ̀wé pé ọmọ àwọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìkànìyàn, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mi ò gbà pẹ̀lú yín.

Láti sáà tó ń bọ̀, ọmọ kankan kò ní kan ilẹ̀kùn láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan sí ọmọ márùn-ún. Wọ́n á kọ́kọ́ dán ìbéèrè wò lára àwa olùkọ́. Tí onílé bá ní òun ò fẹ́, wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá. Ìwé ìyọ̀ǹda wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ dá a padà lọ́jọ́ ìwọlé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i yóò wà nídìí òṣùwọ̀n òjò, kò sí ìyà kankan níbẹ̀.

₦3,000 tó wà lórí ìwé owó ilé-ìwé, ti ìwọ̀n, téèpù àti pátákó ìkọ̀wé ni. A ti jíròrò rẹ̀ nípàdé PTA, mi ò ní tún un jíròrò lórí fóònù.

Ẹ kú ìmúra ìsinmi, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé

Àkíyèsí: Máágàdì ni yóò máa ka òṣùwọ̀n òjò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà ìsinmi. Àwọn ọmọ tó ń gba ọgbà wa kọjá lọ sí ilé-kéwú tàbí ẹ̀kọ́ àfikún ìsinmi, ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe da omi sí i.