Lẹ́tà láti Ẹ̀pẹ́: àmì ohùn kọ́ ló pa ìwé gbèsè wa

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún kò mú yín jù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Mo rí màmá yín lọ́jà, ara wọn le, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ohun tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ àwọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé gbèsè orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ kọ fún ìyá ẹlẹ́ja ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, nínú terminal, ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, bí a ṣe fi í sílẹ̀, torí kò jẹ iná, bátìrì sólà ìsọ̀ wọn sì ń gbé e. Bí ẹja bá ti Ọjà Olúwo dé, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó gbà á láwìn sílẹ̀, ó parí. Ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá ní ó sú àwọn láti máa rí orúkọ àwọn oníbàárà àwọn láìlámì. O mọ̀ pé bàbá wọn ṣe tíṣà, wọ́n mọ Yorùbá kọ dáadáa. Wọ́n ní, “Ẹni tó jẹ mí lówó, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ.”

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bó ṣe fi àmì sí orúkọ báyìí, wúruwùru tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ló jáde níbi tó yẹ kí Ọ̀ wà. Ó wádìí, ó rí i pé oríṣi méjì ni ncurses, àkójọ iṣẹ́ tí ètò wa fi ń ya fèrèsé sínú terminal, lórí Linux tí láptọ́ọ̀pù náà ń lò: ncurses lásán, àti ncursesw tó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Ó pa -lncurses dà sí -lncursesw nínú Makefile, fáìlì tó ń sọ bí a ṣe ń kọ́ ètò, ó pe setlocale, tó ń sọ irú èdè àti lẹ́tà tí a ń lò, ṣáájú initscr tó ń bẹ̀rẹ̀ ncurses, ni orúkọ bá jáde rekete, tòkè tìsàlẹ̀. Mo yìn ín fún un.

Àfi tí a bá wá tẹ orúkọ onígbèsè kan, kí fèrèsé kékeré tí iye owó wà nínú rẹ̀ lè jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń kú sí. Segmentation fault, ìyẹn ni pé ètò fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kò yẹ kó kàn, kò sí àlàyé mìíràn. Àní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, a ò tètè rí i kà, torí bí ètò tó ń lo ncurses bá kú láìpe endwin, iṣẹ́ tó ń parí ncurses, kì í dá terminal padà sí bó ṣe bá a. O máa tẹ lẹ́tà, o ò ní rí i. Àwọn ìlà á máa gun ara wọn. Ṣe ni mo ń fi ọwọ́ tá stty sane, àṣẹ tó ń tún terminal ṣe, láìrí ohun tí mò ń tẹ̀.

Ọmọ náà ní àmì ohùn ló fà á, ká kúkú yọ ọ́. N kò bá a wí, torí ọjọ́ tí àmì wọlé ni wàhálà wọlé. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Àkànní, mo ti rí i níbi púpọ̀ pé bí nǹkan kékeré bá ti dàrú lórí kọ̀ǹpútà, àmì Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé dànù, bíi pé àlejò ni lẹ́tà wa. Ó máa ń dùn mí. Mo ní kó fi orúkọ kan tí kò lámì rárá síbẹ̀, Bola lásán, kó sì tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kú. Mo ní kó kó gbogbo orúkọ alámì kúrò nínú fáìlì, kó ku Bola nìkan. Ó tún kú. Àmì ohùn bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn.

Kí n wá sọ bí a ṣe rí i mú. Gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò, kò ṣeé lò nínú terminal kan náà tí ètò ń ya fèrèsé sí, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa dà pọ̀. Terminal méjì ni mo ṣí: ètò wà nínú ọ̀kan, mo fi gdb -p so mọ́ ọn láti inú èkejì. Sudo, àṣẹ alábòójútó, ni mo fi ṣe é, torí Ubuntu, irú Linux tí a ń lò, kì í gbà kí ètò kan ṣàdédé wọ inú ètò mìíràn. Ọmọ náà tẹ Bola, gdb sì dá a dúró níbi tó kú sí. Mo tẹ bt, tó ń to àwọn iṣẹ́ tó pe ara wọn títí dé ibi tí ètò kú sí. update_panels wà nínú ohun tó jáde, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, òun náà ló ń gbé fèrèsé kékeré síta. Ohun tó là mí lójú ni orúkọ fáìlì tó wà lókè rẹ̀: libncurses.so.6. Kì í ṣe libncursesw! Bẹ́ẹ̀, kò síbi tí a ti pe ncurses lásán mọ́ nínú Makefile. Mo sáré tẹ ldd, tó ń to àwọn àkójọ iṣẹ́ tí ètò ń lò. Àwọn méjèèjì ló jókòó síbẹ̀, nínú ètò kan ṣoṣo.

-lpanel, tí a fi ń pe àkójọ iṣẹ́ fèrèsé tó ń gorí ara wọn, ló mú un wọlé. Ti ncurses lásán ni libpanel. Èyí tó bá ncursesw rìn ni libpanelw. Bí o bá ti pe panel, á fa ncurses lásán tẹ̀lé ara rẹ̀, linker, tó ń so àwọn ẹ̀yà ètò pọ̀, kò sì ní wí nǹkan kan, torí orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú wọn kò dọ́gba. Lọ́dọ̀ ncurses lásán, chtype ni àyè kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà ẹyọ kan, tó kó lẹ́tà àti àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Lọ́dọ̀ ncursesw, cchar_t ni, ó tóbi ju ìyẹn lọ, ó lè gba kóòdù lẹ́tà (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà tàbí àmì) 5 pẹ̀lú àwọ̀. Fèrèsé tí ọ̀kan wọ̀n sílẹ̀ ni èkejì wá ń tún wọ̀n, bí ẹni tó fi kóńgò kékeré ka gààrí tí wọ́n fi kóńgò ńlá dà. Kò lè ṣe é kó má ṣìnà nínú mẹ́mọ́rì.

Kóòdù 5 yẹn gan-an ló sì mú inú mi dùn jù. Ẹ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, àtòjọ kóòdù lẹ́tà gbogbo èdè: ẹ ni U+1EB9, àmì òkè tó tẹ̀ lé e ni U+0301. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ tú u palẹ̀ pátá, e lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀, mẹ́ta péré ni. Kò sí lẹ́tà Yorùbá kankan tí kò ní wọ inú àyè kan, tí ibi kan ò sì ní ṣẹ́ kù. Àyè wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́, a sì fẹ́ fọwọ́ ara wa yọ ara wa.

Mo kọ -lpanelw -lncursesw, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, fèrèsé jáde. Ó ku tábìlì tó wọ́. %-20s, tí a fi ń fi àyè 20 sílẹ̀ fún orúkọ, báìtì (ìwọ̀n ibi tí lẹ́tà gbà nínú mẹ́mọ́rì) ló ń kà, kì í ka àyè ojú: báìtì 15 ni ọ̀bọ̀kún, bẹ́ẹ̀ àyè 6 ló gbà, nítorí náà owó rẹ̀ sún sí òsì ní àyè 9. A ti ń fi wcswidth ka àyè báyìí, gbogbo rẹ̀ sì ti tò.

Ibi tí mo ti nílò rẹ rèé. Bí ìyá bá fi fóònù kọ orúkọ ránṣẹ́, tí ọmọ wọn sì fi láptọ́ọ̀pù wá a, nígbà mìíràn kì í bá a, torí ọ̀kan kọ ẹ ní odindi, èkejì kọ ọ́ ní títú. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà kan kó tó wọ fáìlì. Ṣé ká lo libunistring, àkójọ iṣẹ́ tó ń tún lẹ́tà Unicode tò, ni, àbí o ní èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ? Fi kóòdù ètò tí mo fi ránṣẹ́ kọ́ ètò náà lórí Fedora, irú Linux tìrẹ, kí o sì fi èsì ldd ránṣẹ́ sí mi. Ìyá ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní