Bíárìn láìsí kọ́ọ̀pù rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Ó dáa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ò fẹnu ba ohun tí táyà gan-an ń yí lórí rẹ̀, ìyẹn họ́ọ̀bù, irin àárín tí wọ́n ń de táyà mọ́, àti bíárìn inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó yí wẹ́rẹ́. Òun ló fẹ́ẹ̀ rán mi lọ sọ́run nígbà òjò tó kọjá.

Ọdún 31 ni mo fi wa ọkọ̀ ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Hilux àtijọ́ ni mo ń lò báyìí, fọ́ọ̀wíìlì ni, èyí tí irin gbọọrọ so táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ológunẹrú ni mo ń gbé, oko mi wà lẹ́yìn Ìdó, lọ́nà Ẹrúwà. Kí n tó dé oko, odò kékeré kan wà tí kò ní afárá. Bí mo bá ti sáré débẹ̀, họ́ọ̀bù á ti gbóná. Bó bá bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé gba ẹ̀gbẹ́ síìlì, rọ́bà tó ń dí ẹnu họ́ọ̀bù, tó ti gbó. Omi bá gírísì, ìpẹtà bá irin. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí mo bá ti kọjá 60, ẹsẹ̀ òsì iwájú á máa kùn hùùù. Ìyàwó mi ní bí ológbò tó yó ló ń ṣe. Bí mo bá yí sítíárín sọ́tùn-ún, á kùn sí i; bí mo bá yí i sósì, á rọlẹ̀. Mo fi jáàkì gbé e, mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì í, ó ń ró kó-kó-kó.

Ẹ̀yìn ń dùn mí lọ́jọ́ náà, ni mo bá gbé e fún ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi títí di òní. Ó ránṣẹ́ sí Gate, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ n’Ìbàdàn, wọ́n gbé bíárìn dé nínú ọ̀rá, kò sí kọ́ọ̀pù níbẹ̀, ìyẹn òrùka irin tó ń jókòó sínú họ́ọ̀bù tí bíárìn ń yí nínú rẹ̀. Mo bi í. Ó ní, “Bàbá, kọ́ọ̀pù tó wà nínú họ́ọ̀bù yín ṣì dáa, mo fẹ́ bá yín dín owó kù ni.” Èmi náà, àgbà tó yẹ kó mọ̀, mo dákẹ́. Owó ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Bíárìn yìí kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù. Irin wẹẹrẹ-wẹẹrẹ ni wọ́n tò yí òrùka ká, ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn ju orí lọ, inú kọ́ọ̀pù tí òun náà dà gẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń yí. Ará Amẹ́ríkà kan, Henry Timken, ló gbàwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1898. Òun àti kọ́ọ̀pù rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ibi tí ọ̀kan bá ti jẹ ni ìkejì ń jẹ. Ẹni tó gbé tuntun sínú kọ́ọ̀pù tó ti dá egbò, ọmọ tuntun ló tẹ́ sórí ẹní ìdun yẹn.

Ó tún ku nọ́ọ̀tì tó ń dì í mú. Ó fẹ̀ tó ẹnu ife, sọ́kẹ́ẹ̀tì 54, ti mìlímítà, ni wọ́n fi ń tú u. Ọmọ náà kò ní. Ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù ló fi lù ú yí, gbàù, gbàù, ó ní ó ti tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Mo tẹ bíréèkì kí n tó wọ Ìdó, ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo tún un tẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo da omi ìmu mi sí họ́ọ̀bù, ó ní ṣàà. Nọ́ọ̀tì ti yọ́ tú, táyà ń mì lẹ̀ǹgbẹ̀, ó sì ti ti páàdì bíréèkì sẹ́yìn, ìyẹn ni ẹsẹ̀ mi fi lọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé bíréèkì kọ́ ló bàjẹ́.

Mo wọ Gate fúnra mi pẹ̀lú bíárìn àtijọ́ nínú àpò, kí n lè fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé ti tuntun. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló fẹ́ tú sẹ́ẹ̀tì fún mi. Ní ìkẹrin ni mo ti rí odindi: ti inú, ti ìta, kọ́ọ̀pù méjèèjì, síìlì, àti wáṣà elétí tí wọ́n ń tẹ̀ bo nọ́ọ̀tì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tú u. Wáṣà mẹ́fà tó rí ṣóńṣó lẹ́nu họ́ọ̀bù kò fẹ́ jáde, àfi ìgbà tí a fi irin idẹ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin idẹ náà la fi lé kọ́ọ̀pù tuntun wọlé, díẹ̀ lápá ibí, díẹ̀ lápá ọ̀hún. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tíì jókòó, òòlù á máa ró tì-tì. Bó bá ti jókòó, ohùn rẹ̀ á le, á dún kín-ín. Mo ní kí ọmọ náà dijú kó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

Gírísì, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi kì í. Ẹ fi ẹnu bíárìn ha gírísì lọ́wọ́ títí yóò fi yọ lójú kejì, ẹ yí i, ẹ tún ṣe é. Èyí tí wọ́n kàn fi ń kun ìta, ojú ayé ni. Lẹ́yìn náà, mo di nọ́ọ̀tì, mo yí họ́ọ̀bù síwá-sẹ́yìn, mo dẹ̀ ẹ́, mo tún un dì. Mo fi ìwọ̀n onísípíríìnì kọ́ bọ́ọ̀tì táyà, mo fà á: ó yí láàárín kílò 3 sí 5, bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí.

Ẹ̀yin ará Gate, ẹ má tú sẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fi owó iṣẹ́ kan ra sọ́kẹ́ẹ̀tì 54, ẹ gbé ṣísẹ́ẹ̀lì fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Kọ́ọ̀pù mi àtijọ́ wà lójú fèrèsé, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì hó pátipàti. Mo ti gbé e han ọmọkùnrin náà. Ó yí i lọ́wọ́ títí, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ han àwọn ọmọṣẹ́ mi.” Mo ní kó kọ́kọ́ dá owó mi padà.

Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìntì,
Ológunẹrú, Ìbàdàn.