Gírámà wo lẹ fẹ́ kí Tutuola mọ̀?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ra pépà yín ní Ọláìyá lọ́jọ́ Sátidé, mo ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ fi òyìnbó kọ ìwé ìtàn àròsọ nílẹ̀ wa. Achebe gba ojú ewé kan gbáko, kò burú, ó tọ́ sí i. Àmọ́ Amos Tutuola tí ìwé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1952, ọdún mẹ́fà ṣáájú Things Fall Apart ti Achebe, ìlà méjì péré lẹ fún un, ìkan nínú méjèèjì sì ni pé gírámà ẹ̀ ò dáa. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́.

Wẹ́dà ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kọ́rọ̀ ọkùnrin yìí máa ká mi lára. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, bàbá ẹ̀ kú, owó ilé ìwé tán, ló bá kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó bá àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì rọ bàbà nígbà ogun Hitler, ogun parí kò ríṣẹ́ ṣe, ó wá di mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Mẹ́sẹ́ńjà o! Ibẹ̀ ló wà tí àwọn Faber, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ní London, fi tẹ ìwé ẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí Dylan Thomas akéwì wọn sì yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ni inú bí, torí òmìnira ti ń bọ̀, wọn ò fẹ́ kí òyìnbó rò pé báyìí la ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ṣé kì í ṣe báyìí la ṣe ń sọ̀rọ̀ ni? Ọ̀mùtí inú ìwé náà ní látọmọ ọdún 10 lòun ti ń mu ẹmu, òun ò níṣẹ́ mìíì láyé. Igi ọ̀pẹ 560,000 ni bàbá ẹ̀ fún un, adẹ́mu á dá kẹ́ẹ̀gì 150 wálé láàárọ̀, á tún lọ dá 75 sí i. Nígbà tó yá òun àtìyàwó ẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́ùn 70, ṣílè 18 àti sísì. (Ẹni tó ti gbé fáìlì ìjọba kiri ló lè rántí sísì lórí ọ̀rọ̀ ikú.)

Àwa ará Òṣogbo ò gbọdọ̀ dákẹ́ sí i, torí Kọ́lá Ògúnmọ́lá tó fìlú wa ṣebùdó ló gbé ìwé yẹn sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1963, Yorùbá ló fi ṣe é, Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Bàbá mi wò ó, títí tó fi kú tó bá ti mu ẹmu díẹ̀ á máa kọrin ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé inú ìwé òyìnbó ló ti wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè gírámà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu àwọn tó ni ín.

Achebe tẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n gan-an, lọ́dún 1977 ní Yunifásítì kan náà, odidi lẹ́kíṣọ̀ ló fi sọ̀rọ̀ lórí ìwé ọ̀mùtí yìí, ó ní kì í ṣàlọ́ ọmọdé lásán, ẹni tó bá fi fàájì rọ́pò iṣẹ́ nìwé náà ń bá wí.

N'Ìbàdàn ni Tutuola kú sí lọ́dún 1997. Ẹ fún un lójú ewé tiẹ̀ náà, kẹ́ ẹ fi Yorùbá tẹ ibi tí ọkùnrin arẹwà kan nínú ìwé náà ti ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà ní kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku agbárí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Wẹ́dà kan l'Ókè-Fíà, Òṣogbo