Sí Àdùnní, lórí búlọ́ọ̀gù tó fẹ́ ṣí

Àdùnní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédé ní ṣọ́ọ̀bù? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo ti ka ohun tí o kọ ránṣẹ́, pé àwọn kan ní kí o ṣí búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú ìwé tìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o ó máa kọ̀wé sí, fún iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ, àwọn mìíràn sì ní búlọ́ọ̀gù ti di ohun àtijọ́, pé Facebook àti WhatsApp ti tó. O ní kí n dá sí i. Èrò tèmi ni pé kí o ṣí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí o sì mọ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi tọ́ yín. Nígbà tiwa, kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé, á gba ọwọ́ olóòtú, á gba ọwọ́ ẹni tó ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, á gba ọwọ́ ẹni tó ń wá àṣìṣe, kó tó dórí ẹ̀rọ. Owó bébà àti ti tádàwà ṣì ń dúró dè ọ́. Nígbà tí míṣọ́nnárì òyìnbó kan, Henry Townsend, gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ilé ìtẹ̀wé ti ní láti wà nílẹ̀ kí ó tó ṣeé ṣe. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde ní 1867, ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò sì mọ ẹni tó ní in, á kàn gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì ni.

Búlọ́ọ̀gù ló yọ gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn kúrò láàárín. Ní 1994, ọmọ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Justin Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ayé ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí Blogger, ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, dé ní 1999, tí òmíràn, WordPress, sì tẹ̀ lé e ní 2003, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìsan kọ́bọ̀: o kọ ọ́, o tẹ bọ́tìnì kan, ó jáde. Èyí tí o kọ kẹ́yìn ló máa ń wà lókè, ọjọ́ tí o kọ ọ́ á wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń lò ó pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Baghdad, ní ilẹ̀ Iraq, tó ń pe ara rẹ̀ ní Salam Pax. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Raed ti lọ sí Jordan, kì í sì í tètè fèsì lẹ́tà. Salam wá ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé sórí búlọ́ọ̀gù, kí Raed lè máa kà á níbi tó wà. Nígbà tí ogun dé ní 2003, gbogbo ayé ló ń ka ohun tó ń kọ, torí àwọn oníròyìn ń sọ bí ogun ṣe ń lọ, òun sì ń sọ bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbé ìlú tí bọ́ǹbù ń já lù. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé sí. Mo fẹ́ kí o di ìyẹn mú, Àdùnní. Má kọ̀wé sí gbogbo ayé. Ẹni kan ni kí o máa bá sọ̀rọ̀.

Ta ni ẹni náà? Ìwọ wo obìnrin kan ní Houston tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n fi aṣọ òkè ránṣẹ́ sí láti Ìṣẹ́yìn, tí aránṣọ ibẹ̀ kò sì rí irú rẹ̀ rí. Yóò béèrè lọ́wọ́ Google. Ohun tí o fi sórí Status WhatsApp lánàá ti pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, èyí tí o sọ lórí Facebook ti wọlẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ìsọ̀ tó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà ni búlọ́ọ̀gù, ẹni tó ń wá ọ á rí ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Sọ fún obìnrin yẹn ohun tí o sọ fún mi nígbà tí o wálé: pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè kí wọ́n tó rán an pọ̀, pé bí àlùmọ́gàjí bá ti kàn án ni etí rẹ̀ á máa tú, pé o máa ń kọ́kọ́ fi máṣíìnì rán ẹ̀gbẹ́ ibi tí o fẹ́ gé ní ìlà méjì. Ya fọ́tò etí tó tú, ya èyí tí kò tú, kí o gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ló mọ̀ ọ́n, ìwọ̀nba ló kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tó kọ ọ́ ní Yorùbá sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Àwọn ọwọ́ tí mo ní búlọ́ọ̀gù yọ kúrò láàárín, iṣẹ́ wọn kò tíì parí o. Ọrùn rẹ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Kò sí olóòtú tó máa bi ọ́ pé, «Ṣé ó dá ọ lójú?» Tí o bá kọ yáàdì mẹ́rin níbi tó yẹ kí o kọ márùn-ún, ẹnì kan ti gé aṣọ olówó ńlá dànù. Kà á sókè ketekete kí o tó tẹ bọ́tìnì. Bí o bá fẹ́ lo fọ́tò oníbàárà, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, má sì mú fọ́tò tí ẹlòmíràn yà lò bí ẹni pé tìrẹ ni. Oníbàárà tó jẹ ọ́ lówó, má fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láé, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, wọ́n ti fi mú àwọn tó ń kọ̀wé ní Nàìjíríà.

Ní ti owó, Linda Ikeji tí gbogbo yín ń dárúkọ pé búlọ́ọ̀gù sọ di olówó, láti 2006 ló ti ń kọ. Owó ìpolówó Google kò ní dé ọwọ́ rẹ títí yóò fi pé 100 dọ́là, ìyẹn sì lè pẹ́ gan-an. Má torí rẹ̀ yáwó ra kámẹ́rà. Oníbàárà tó bá tipa ìwé rẹ dé ṣọ́ọ̀bù ni kí o máa retí.

Kí o sì máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tí o bá kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ. Yahoo ti GeoCities, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣí ojú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pa ní 2009, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò tọ́jú ẹ̀dà sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o ra orúkọ tìrẹ tí búlọ́ọ̀gù náà á máa jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o lè gbé e lọ síbòmíràn bí ọjọ́ bá dé. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Èmi ni n ó san ti ọdún àkọ́kọ́. Béèrè iye tó jẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o má gbàgbé bùbá òun.

Èmi ni bàbá rẹ.